Fi Ohùn Kúnlẹ̀

Ohùn bàbá náà wọ etí Fáwùnmí ṣinṣin, ohùn àgbà tó jinlẹ̀, tó rọra ń bọ̀, tó ní ikọ́ díẹ̀ nínú. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi," ni ohùn náà wí. Kí Fáwùnmí tó mọ ohun tó ń ṣe, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀, gbì! "Ẹ káàárọ̀, sà!"

Ilẹ̀ ọ́fíìsì ló kúnlẹ̀ sí yìí o. Kò sí bàbá kankan nínú yàrá náà. Inú tẹlifóònù ni bàbá wà, nílé rẹ̀ nígboro Ìbàdàn, tó fẹ̀yìn ti àga. Ohun ìgbọ́rọ̀ tí Fáwùnmí dé sórí ní okùn, okùn náà sì so mọ́ bọ́ọ̀dù tẹlifóònù tó wà níwájú rẹ̀. Bó ṣe lọ sílẹ̀ wìì, okùn yìí bá a lọ, ó kọ́ àwọn okùn yòókù dání, gbogbo wọn sì fò jáde nínú ihò wọn, pó, pó, pó. Àkànràn tó ń bá Ẹgbẹ́dá jà lórí àpò kòkó tó tutù dákẹ́. Erúnmu tó ń pe lọ́rì dákẹ́. Bàbá náà dákẹ́. Yàrá pa lọ́lọ́, Fáwùnmí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo bọ́ọ̀dù bí ìyàwó tuntun tó fọ́ ìkòkò ìyá ọkọ.

Àǹtí Títíladé, ọ̀gá àwọn tó ń dáhùn tẹlifóònù, ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ kọjá lórí Fáwùnmí, ó ń ki àwọn okùn padà bọ ihò níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń dirun. "Àlóò, Àkànràn, ẹ má bínú. Ẹ máa bá ìjà yín lọ."

Ṣùgbọ́n ẹni tí ohùn rẹ̀ já yẹn, Bàbá Alága ni, ẹni tó ni gbogbo ilé iṣẹ́ náà pátá. Ilé iṣẹ́ tó ń ra kòkó àti èkùrọ́ ni, lẹ́bàá ọ̀nà Alákìá, níbi tí bàálù ti máa ń fò kọjá lórí òrùlé tí gbogbo èèyàn á dá ọ̀rọ̀ dúró títí yóò fi lọ. Ọdún kejì òmìnira nìyẹn. Ilé iṣẹ́ náà ní ilé ìkẹ́rù sí Àkànràn, sí Erúnmu, sí Ẹgbẹ́dá, sí Lálúpọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè bá èkejì sọ̀rọ̀ láìgba ojú bọ́ọ̀dù yìí kọjá. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní okùn tirẹ̀ àti ìdérí irin kékeré tirẹ̀. Bí Erúnmu bá ń pè, ìdérí Erúnmu á já wálẹ̀, kẹ́! Ẹni tó jókòó níbẹ̀ á mú okùn, á kì í bọ ihò, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlájídé, mánéjà, fi yọ lẹ́nu ọ̀nà, táì rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló já ọ̀rọ̀ mọ́ Bàbá lẹ́nu?"

"Èmi ni, sà," ni Fáwùnmí wí. Ó tún fẹ́ kúnlẹ̀, Àǹtí sì di apá rẹ̀ mú gírí.

"Kí lo wá ń ṣe nílẹ̀?"

"Mo ń kí wọn ni, sà."

Ọlájídé wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ó ń kí wọn! Bàbá wà nígboro, ó ń kúnlẹ̀ fún wọn ní Alákìá! Ẹ gbọ́, Àǹtí, bó bá tún ṣe irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, àgbàlá èkùrọ́ ni kó lọ. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣa èkùrọ́ níbẹ̀. Kó kúnlẹ̀ níbẹ̀ kí orúnkún ẹ̀ bó, ṣebí ohun tó wù ú nìyẹn."

Fáwùnmí bú sẹ́kún. Ọmọ Fákọ́ládé àgbẹ̀ ni, láti Erúnmu. Òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó parí ilé ìwé Mọ́dà nínú agbo ilé wọn, ìgbà tó sì máa kọ́kọ́ rí tẹlifóònù, ọjọ́ tó wá gbaṣẹ́ ni. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rọ náà ti gbà á lọ́kàn. Kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan o, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni. Bí Wándé tó ń tún bọ́ọ̀dù ṣe bá ti yọ pákó ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, tí àwọn waya pupa, waya ewé, waya funfun bá yọrí síta bí òwú tí aláró ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, Fáwùnmí á gbàgbé ohun tó ń jẹ lẹ́nu. Ó ń fẹ́ mọ èyí tó ń bá èwo sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì ń ṣa èkùrọ́, ibo ni yóò ti rí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìdérí kankan tó já, Àǹtí Títíladé yọ ọ̀já kan nínú àpò rẹ̀, ọ̀já ìpọnmọ tó ti fẹ́ ṣá, tó sì gùn dáadáa.

"Jókòó," ló wí. "Gbé ọwọ́ sókè."

"Àǹtí, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ pọ̀n ọ́ ni." Ó gba ọ̀já yí Fáwùnmí nídìí àti ẹ̀yìn àga, ó ta á ní kókó. "Ọ̀já tí mo fi pọn àkọ́bí mi nìyẹn. Òun náà ni mo fi so ara mi mọ́ àga yìí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. O rò pé ìwọ nìkan lo kúnlẹ̀ fún tẹlifóònù rí? Èmi ọmọ tíṣà, ọmọ Onítẹ̀bọmi, tí wọ́n kọ́ ní ìwà nílé kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì! Mo kúnlẹ̀ títí gbogbo wọn fi ń pè mí ní Ìyá Àdúrà."

Fáwùnmí rẹ́rìn-ín. "Ta ló wá kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kan. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Tìrẹ ò gbọdọ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó kọ ẹ̀yìn sí Fáwùnmí, ó dijú. "Ó yá, kí mi. Èmi ni Bàbá Alága. Mi ò rí ọ o. Ohùn rẹ nìkan ni mo ń gbọ́. Fi ohùn kúnlẹ̀ fún mi."

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"O dúró gbagidi bí òpó iná. Tún un kí."

"Ẹ káàárọ̀, sà o."

"O tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Tún un kí."

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

"Ẹn-hẹ́n! Orúnkún kan ti kanlẹ̀. Èkejì dà?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí ìdérí Lálúpọn fi já. Bí Fáwùnmí ti dá Lálúpọn lóhùn tán, Àǹtí tún padà sídìí ọ̀rọ̀. "Má sáré. Ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ kì í sáré sọ̀rọ̀. Mú ohùn rẹ wá sísàlẹ̀, kó o jẹ́ kí ìkíni náà fara balẹ̀ kó o tó gbé ọ̀rọ̀ mìíràn lé e. Wàá sì máa jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹ̀rín rẹ, nítorí wọn ò rí eyín rẹ."

Akọrin ni Àǹtí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ohun tí kì í fi kọrin. Orin ló fi kọ́ Fáwùnmí ní bọ́ọ̀dù náà, tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń mọ̀nà kí ojú tó dé ibẹ̀:

Àkànràn ń pè, ẹ dá a lóhùn,
Ọwọ́ òkè ni okùn rẹ̀ wà;
Ẹgbẹ́dá ń pè, ẹ má jẹ́ ó pẹ́,
Ẹ̀gbẹ́ òsì ni tirẹ̀;
Erúnmu ń pè, ilé baba mi,
Ki okùn bọ̀ ọ́, ká gbọ́rọ̀,
Ki okùn bọ̀ ọ́, ká gbọ́rọ̀ o.

Ẹ wo bí ó ti dùn tó! Àwọn tó ń di àpò kòkó níta náà gba orin yìí mọ́ wọn lẹ́nu, títí awakọ̀ lọ́rì fi ń súfèé rẹ̀ lọ sí Àkànràn. Fáwùnmí ò já ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ọ̀já ń fà á nídìí, orúnkún rẹ̀ ń fò lábẹ́ tábìlì bí àkèré, ohùn rẹ̀ nìkan ló ń lọ sílẹ̀.

Ọjọ́ tí Wándé wá tún bọ́ọ̀dù ṣe, Àǹtí rí bí Fáwùnmí ti ń na ọrùn. Kò bá Fáwùnmí sọ̀rọ̀, Wándé ló bá sọ ọ́.

"Wándé, ọmọ yìí á bá ọ di tọ́ọ̀ṣì mú."

"Àǹtí, mi ò nílò ẹni tí ń di tọ́ọ̀ṣì mú."

"Ṣé mo bi ọ́ pé o nílò rẹ̀? Fáwùnmí, tú ọ̀já, lọ bá a. Èmi á máa dá wọn lóhùn níwájú."

Wándé kì í ṣe èèyàn burúkú, ọ̀rọ̀ ni kì í fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n Fáwùnmí ń bi í ní ìbéèrè tó dáa, ẹnu Wándé sì ń là díẹ̀díẹ̀. Ó fi àwọn irin tín-ín-rín tó ń fọwọ́ kan ara wọn nínú ihò hàn án, ó fi bí eruku ọyẹ́ ṣe ń là wọ́n láàárín hàn án, àti bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù wọ́n. Gbogbo ìgbà tó bá wá ni Fáwùnmí ń lọ bá a, tí Àǹtí á máa ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì níwájú. Nígbà tó yá, ẹni tó bá wọ yàrá náà, Wándé ni yóò bá tó di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ibẹ̀ ni nǹkan dé tí ìròyìn fi jáde pé wọ́n ń gbé Wándé lọ sí Kàdúná. Bàbá Alága ní kí mánéjà yan ẹnì kan tí yóò lọ sí Èkó, sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní títún tẹlifóònù ṣe, kó sì padà wá gba iṣẹ́ Wándé. Kó tó di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo ọ́fíìsì ti gbọ́ pé Múyì, akọ̀wé ilé ìkẹ́rù, ni Ọlájídé fẹ́ rán. Múyì gan-an kò dunnú. Ẹ̀rù iná ń bà á débi pé ọ̀pá ìgbálẹ̀ ló fi ń tan gílóòbù ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ lọ?" ni Àǹtí bi Fáwùnmí.

"Àǹtí, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń rán."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni tí wọ́n ń rán. Mo ní ṣé o fẹ́?"

Fáwùnmí wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù. "Mo fẹ́ ẹ bí ẹni máa kú."

"Má kú. A máa lọ rí bàbá rẹ lọ́jọ́ Sátidé."

Ìdí iṣẹ́ ni wọ́n ti bá Fákọ́ládé ní Erúnmu, ó ń pọ́n àdá. Àǹtí kúnlẹ̀ kí i, àgbà tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ o, ó kúnlẹ̀ dáadáa lórí iyanrìn, nítorí pé kò sí okùn tí yóò já níbẹ̀. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ dópin, ó ń fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu àdá wò.

"Ọkọ ńkọ́?" ni Fákọ́ládé bi í.

"Àwọn ọkọ ò ní tán nílẹ̀, Bàbá. Kó padà dé ná."

"Ta ni yóò máa wò ó ní Èkó? Mi ò ní ẹnì kankan níbẹ̀."

"Àbúrò mi, Olúyínká, nọ́ọ̀sì ni ní Èbúté Mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò máa sùn. Mo ti ránṣẹ́ sí i, ó sì ti gbà."

Fákọ́ládé wo ìyá onígbàgbọ́ yìí, ó wo ọmọ rẹ̀. "Inú ẹ̀rọ yín yẹn, irin ló wà níbẹ̀, àbí?"

"Irin ni, Bàbá," ni Fáwùnmí dáhùn. "Irin àti bàbà."

"Ògún ló ni irin. Nílé yìí, Ògún la bá lọ́wọ́ bàbá wa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi ò lọ sílé àjèjì." Ó gbé àdá sílẹ̀. "Ẹ mú un lọ. Ṣùgbọ́n kó má gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gún iyán."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Àǹtí Títíladé kan ilẹ̀kùn Ọlájídé, Fáwùnmí sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Fáwùnmí ni kẹ́ ẹ rán lọ sí Èkó," ni Àǹtí wí, láìjókòó.

"Àǹtí! Ọmọbìnrin yìí? Kó kọ́ṣẹ́ tán kí ọkọ wá gbé e lọ?"

"Múyì ńkọ́? Ta ló sọ pé ìyàwó ò ní gbé òun náà lọ?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ọlájídé, ó gbé e mì. "Ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin."

"Ta ló tún okùn Àkànràn ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá tí Wándé ò wá? Ẹ̀yin gan-an lẹ fi okùn náà sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ṣé ó ṣì ń hó létí?"

Ọlájídé fọwọ́ tọ́ táì rẹ̀. "Ẹ gbọ́, kì í ṣe èmi nìkan. Bàbá Alága ò ní gbà. Ọmọ tó já ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu!"

"Ẹ jẹ́ kí Bàbá fẹnu ara wọn kọ̀ ọ́. Wọ́n á pè lọ́sàn-án yìí, bí ìṣe wọn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Bó bá tún já ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, èmi náà á bá a lọ sí àgbàlá èkùrọ́. Ẹ lè wá ẹlòmíràn sídìí bọ́ọ̀dù."

Fáwùnmí fa aṣọ Àǹtí lẹ́yìn. Àǹtí fọwọ́ gbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àǹtí so ọ̀já fúnra rẹ̀. Ó ta á ní kókó, ó tún kókó ta. Ọlájídé, tó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Alága, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wándé tó wá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ náà dúró. Kódà Múyì dúró, ó ń gbàdúrà sínú pé kí Fáwùnmí yege. Ìdérí ilé Bàbá Alága já wálẹ̀, kẹ́! Fáwùnmí ki okùn bọ̀ ọ́.

"Ẹ káàsán o, Bàbá. Ẹ kú ilé o."

"Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Fáwùnmí? Ìwọ lo já mi sílẹ̀ lọ́jọ́sí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Wọ́n ní kíkí lò ń kí mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bàálù kan ń bọ̀ lókèèrè. Lẹ́yìn náà ni Bàbá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúre.

"Orí rẹ á gbè ọ́."

"Àmín o, Bàbá."

"O ò ní sọnù lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ."

"Àmín o."

"Àwọn ọmọ tìrẹ náà á kúnlẹ̀ fún ọ."

Háà! Ta ni wọ́n ń wúre fún tí yóò jókòó sórí àga? Gbogbo ara Fáwùnmí ń lọ sílẹ̀. Ọ̀já fà gan-an, àga ké kẹ́ẹ́, Ọlájídé fọwọ́ bo ojú. Fáwùnmí di etí tábìlì mú, ó dijú, ó mú ohùn rẹ̀ wá sísàlẹ̀ pátápátá, ó jẹ́ kó fara balẹ̀ síbẹ̀.

"Àmín o, Bàbá mi. Ẹ̀mí yín á gùn."

Ohùn Bàbá rọ̀. "Ó tó, ó tó. Dìde, ọmọ mi. Má wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ọjọ́ á fi lọ."

Àǹtí Títíladé tó gbé ohun ìgbọ́rọ̀ kejì sétí fi etí ìborùn rẹ̀ dí ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bú jáde.

"Mo ti dìde, Bàbá," ni Fáwùnmí wí lórí àga.

"Ó dáa. Okùn Àkànràn tó ń hó bí epo gbígbóná létí mi tẹ́lẹ̀, kí ló ṣe é?"

"Lílò ló pọ̀ lórí rẹ̀, Bàbá. Waya inú rẹ̀ ti ń já ní ọrùn, níbi tó ti wọ orí irin. Ọ̀gbẹ́ni Wándé ló kọ́ mi. Mo gé ibi tó ti gbó kúrò, mo sì tún un dì. Ṣùgbọ́n ó ti kúrú díẹ̀ báyìí, tuntun ló máa gbà."

"Ìwọ lo sì fẹ́ lọ kọ́ ìyókù."

"Èmi ni, Bàbá. Bẹ́ ẹ bá yọ̀ǹda."

"Fún mi ní Ọlájídé."

Ọlájídé sáré padà sí yàrá rẹ̀. Fáwùnmí mú okùn, ó so Bàbá mọ́ mánéjà. Gbogbo wọn wá ń gbọ́ ohùn Ọlájídé láti ọ̀ọ́kán: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà… Obìnrin ni, sà… Bẹ́ẹ̀ ni, sà… Mo ti gbọ́, sà." Ó padà yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wo Àǹtí dípò Fáwùnmí.

"Bàbá ní kó máa palẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹni tó lè kúnlẹ̀ láìjá okùn, ẹ̀rọ á gbọ́ tirẹ̀."

Múyì ló kọ́kọ́ hó, "Olúwa ṣé o!" Wándé bú sẹ́rìn-ín.

Fáwùnmí ò hó. Ó yọ ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò lórí, ó rọra gbé e sílẹ̀, ó yíjú sí Àǹtí Títíladé, ó sì lọ sílẹ̀ wìì pẹ̀lú orúnkún méjèèjì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Ó ti gbàgbé ọ̀já. Àga bá a lọ. Ó gùn ún lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sí òrùlé. "Ẹ ṣé o, Àǹtí," ló ń wí lábẹ́ àga. "Ẹ ṣé, ẹ ṣé o."

Ọlájídé fi ara ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àǹtí fẹ́ tú ọ̀já, ṣùgbọ́n kókó tó ta ti le jù, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kí ìka rẹ̀ ráyè.

Kẹ́! Ìdérí kan já wálẹ̀.

"Erúnmu ń pè," ni Àǹtí wí.

Fáwùnmí na ọwọ́ sókè láti ilẹ̀, pẹ̀lú àga lẹ́yìn, kò wo bọ́ọ̀dù rárá. Ó mú okùn Erúnmu, ó kì í bọ ihò. Àǹtí ti bẹ̀rẹ̀ orin:

Erúnmu ń pè, ilé baba mi,
Ki okùn bọ̀ ọ́, ká gbọ́rọ̀ o.